Àpérò Tí Ikú Uwais Bí

Ikùn ọmọdé kan ni wọ́n tàn sára ògiri gbọ̀ngàn náà, àwòrán tó tóbi ju ilẹ̀kùn ilé lọ. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kun apá òsì rẹ̀ lábẹ́ egungun ìhà. Wọn kò kọ orúkọ sí i, Ràódàt kò sì nílò orúkọ. Ìgbà mélòó ni kò fi àdí àgbọn pa ikùn yẹn nígbà tí ẹni tó ni ín wà láyé?

Dókítà Régine ló dúró lórí pèpéle, irun rẹ̀ ti funfun tán. Láti ìgbà tí Uwais ti kú, ọdọọdún ló ń pe Ràódàt sí àpérò àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Gabon, ọdọọdún ni Ràódàt sì ń wá àwáwí. Lọ́dún yìí, dókítà fúnra rẹ̀ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ̀ ní àdúgbò Lalala.

“Màmá Uwais, mo fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi nìyí. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ létí ara yín.”

Ojú ló ti Ràódàt, ló fi gbà.

Ohun tó mọ̀ nípa ikú ọmọ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dá a lójú. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Uwais, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá a jà. Ara rẹ̀ gbóná lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Buraimoh, bàbá rẹ̀, ti gbé mọ́tò lọ kó àwọn àga oníke tó ń tà ní èbúté Owendo, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. Ìrọ̀lẹ́ ló tó dé. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ kú. Wọn kò tíì kúrò níbi ìsìnkú tí Ràódàt fi sọ ọ́ lójú gbogbo ayé: “Ẹ̀yin lẹ pa á.” Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Ó sọ ọ́ lójú àwọn àgbà mọ́sálásí tó wá pẹ̀tù sí aáwọ̀ wọn. Nígbà tí ọdún yí po, ó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Buraimoh fẹ́ obìnrin Nàgó kan láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, wọ́n sì kó lọ sí Akanda.

Faransé Ràódàt kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí dókítà sọ lọ́jọ́ náà kò lọ́jú pọ̀.

“Ọmọ yìí lo òru kan àti ọ̀sán kan lọ́wọ́ wa. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Oògùn ibà la ń fún un. Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ń sá jọ sínú ikùn, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó fọwọ́ kàn án níbẹ̀ wò. Ká ní ọ̀sán ni wọ́n gbé e dé, bákan náà la ó ṣe. Àwa la ò mọ̀.”

Ó ní lẹ́yìn ìsìnkú lòun tó gbọ́ pé dókítà kan ní ọsibítù mìíràn, nínú Libreville yìí kan náà, ti rí irú rẹ̀ rí, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ rí ni. Ló bá kó dókítà bíi mélòó kan jọ sí pálọ̀ rẹ̀ ní àdúgbò Charbonnages, kí oníkálukú wá sọ̀rọ̀ ọmọ tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́dún kejì, kíláàsì kan ni wọ́n yá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ti Port-Gentil ń wọ bàálù wá, àwọn ti Franceville ń wọ ọkọ̀ ojú irin, àwọn ti Oyem ń gba ọ̀nà eléruku. Ọdún kan wà tí òjò lé wọn kúrò lábẹ́ àgọ́, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ wọn nínú bọ́ọ̀sì. Lónìí, gbọ̀ngàn kò gba èrò mọ́. Nọ́ọ̀sì ìgbèríko pàápàá ti ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wo ikùn ọmọ wọn.

Gbogbo èrò dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ràódàt jókòó. Ẹyin lohùn, ló ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Ó jáde kí àtẹ́wọ́ tó tán.

Buraimoh wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí òkun. Ọwọ́ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lòun ti jókòó.

“Ìyá Uwais.”

Ó pẹ́ tí wọ́n ti fi Yorùbá pè é bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Buraimoh di apá rẹ̀ mú.

“Dìde.”

“Mi ò mọ̀,” ni Ràódàt wí. “Mi ò mọ̀ pé kì í ṣe pípẹ́ tí ẹ pẹ́ ló pa á.”

“Mo mọ̀ pé o ò mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ fò ó kọjá kó tó yé e. “Ẹ̀yin ti mọ̀?”

“Dókítà wá gba àṣẹ lọ́wọ́ mi kó tó sọ̀rọ̀ ọmọ wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní pálọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo gbé àga lọ fún wọn. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí tí mo fi gbọ́ gbogbo rẹ̀.”

“Mo ṣì wà nílé yín nígbà yẹn.”

“O wà níbẹ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

Buraimoh fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. “Mo máa ń gbọ́ ọ tí o bá kírun tán. O máa ń bi Ọlọ́run pé ìwọ lò ń fi epo pa ọmọ lára, báwo lo ò ṣe mọ̀. Mo rò ó pé bí mo bá gbé ẹ̀bi yẹn kúrò lọ́rùn mi, ọrùn tìrẹ lo máa gbé e kọ́.”

Obìnrin kan ń dúró dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Buraimoh kí Ràódàt pé ó dìgbà, ó sì lọ.

Ràódàt gbára lé ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́dún yẹn, nígbà tó ń sọ ọ́ tó tún ń tún un sọ, Buraimoh kì í gbójú sókè. Ìjẹ́wọ́ ni Ràódàt pè é. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé e pé ńṣe ni ọkùnrin náà ń dúró kí ó sọ ọ́ tán, bí ẹni tó di abọ́ mú fún aláìsàn tó ń bì.