Òórùn Màmá

Aránṣọ ni ìyá ọmọ kan. Inú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ló ti máa ń ṣeré tó bá ti ilé-ìwé dé, láàárín àjákù aṣọ, tòun ti ẹnu tó là sílẹ̀. Bó bá ń jẹun, á jẹ díẹ̀, á dúró mí, á tún máa jẹ lọ. Tó bá sùn, àfi bí ẹni pé wọ́n ń fi ayùn rẹ́ igi. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Awakọ̀, torí pé ó ń hanrun bí ọkọ̀.

"Awakọ̀ mi ti gbéra o," á wí bẹ́ẹ̀, á sì rọra yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rí èémí mí.

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló ń dun ìyá: "Ẹ má bínú, mà, ọmọ yín lágídí. Mo lè pè é títí, kò ní dáhùn."

Lọ́jọ́ kan, sísọ́ọ̀sì já bọ́ lẹ́yìn ọmọ náà, gbàgà! Oníbàárà tó wá wọn aṣọ fò sókè. Ọmọ ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ìyá bá pè é jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn. Kò mira. Ìyá fà á lọ́wọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó di ilé ìwòsàn.

"Ọmọ yìí ò lágídí rárá," ni dókítà wí. "Ẹran kan wà lẹ́yìn imú, lókè ọ̀fun. Gbogbo ọmọdé ló ní in, àmọ́ tiẹ̀ ti wú jù. Ó dí ọ̀nà èémí, ó sì jẹ́ kí omi dúró sétí, ni kò ṣe ń gbọ́ ohùn dáadáa. A máa yọ ọ́, a ó sì fa omi náà."

"Ẹ fẹ́ fi ọ̀bẹ kan ọmọ mi?"

"Á ti sùn, mà. Kò ní mọ̀ ọ́n lára."

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, ọmọ náà di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Màmá, tí mo bá jí, ṣé ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ rí?"

"Èmi ni."

Ìyá ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ. Bàbá aláwàdà pàápàá ò rí ẹ̀fẹ̀ ṣe. Nígbà tí ọmọ jí, ọ̀fun ń dùn ún, ó sunkún díẹ̀, àmọ́ ojú ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa padà sílé-ìwé, ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń de bọ́tìnnì rẹ̀. Ọmọ pa ẹnu dé, ó ti imú bọ ọrùn ìyá, ó sì fa èémí sínú gan-an.

"Màmá, kí ló ń ta sánsán?"

"Bóyá ọṣẹ ni."

"Rárá, ẹ̀yin ni! Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ta sánsán látọjọ́ yìí, tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Ìyá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó kúrò nílé.