Ìsìnkú Abọ́dúnrìn Lórí Ìràwọ̀

“Tíṣà, ṣé ẹ máa pa á àbí ẹ ò ní pa á?”

Obìnrin náà kò tí ì jókòó dáadáa tó fi béèrè. Àga ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló fìdí lé, ó di báàgì rẹ̀ mú lórí ẹsẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ Ládépọ̀ bí ẹni tó wá gba ọmọ rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹrẹ̀ Ajángbádì ti gbẹ mọ́ etí ìró rẹ̀.

“Ta ni mo fẹ́ pa, Màmá?”

“Abọ́dúnrìn.”

Ẹ̀rín pa Ládépọ̀. Ó ti mọ irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ọdún kẹsàn-án nìyí tó ti ń kọ ìtàn ayé mìíràn sínú ìwé ìròyìn Yorùbá kan tó ń jáde ní Sátidé, àwọn òǹkàwé sì máa ń dá a dúró ní Ìyànà-Ìbà láti bi í bóyá bẹntiró lọkọ̀ tó ń lọ sí ìràwọ̀ ń mu. Eré ọmọdé ni lójú àwọn olùkọ́ tí wọ́n jọ ń kọ́ni ní Ọ̀jọ́. Àwọn atẹ̀wétà náà ti dá iṣẹ́ rẹ̀ padà títí ó fi sú u. Wọ́n ní bí kò bá ti sí iwin tàbí àjẹ́ nínú rẹ̀, Yorùbá kò ní rà á.

“Ìtàn lásán ni, Màmá.”

“Mo mọ̀ pé ìtàn ni. Mi ò lọ sílé ìwé, àmọ́ mi ò ya dìndìnrìn. Ibo lẹ ti rí ọmọ tó ń fi eyín bó waya títí eyín iwájú ẹ̀ kan fi kán?”

Ẹ̀rín kúrò lójú Ládépọ̀. Ọjà Àlàbá ló ti rí i. Ọmọkùnrin kan tó tún rédíò rẹ̀ ṣe níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1985 ló ń fi eyín bó waya, tó sì ń bi í bóyá rédíò kan lè gbóhùn láti ojú ìràwọ̀. Nígbà tí Ládépọ̀ wá nílò ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ ọkọ̀ rẹ̀ ṣe nínú ìtàn, ọmọ yẹn náà ló mú, torúkọ teyín.

“Ó tún rédíò mi ṣe rí ní Àlàbá,” ló fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ.

“Ọmọ mi ni.”

Ó wá rò ó fún un. Ní ọdún 1986, Abọ́dúnrìn sọ fún ìyàwó rẹ̀, Fáòsíátù, pé òun fẹ́ lọ fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kan ní Àpápá, pé bí òun bá ti dé Sípéènì, òun á ránṣẹ́. Kò ránṣẹ́. Ọdún keje nìyí. Ilé ọkọ ni Fáòsíátù ṣì wà, kò lọ́mọ, kò sì lọ́kọ. Ọkùnrin kan tó ń ta ọ̀dà ní Okokomáíkò ti wá tọrọ rẹ̀ nígbà méjì. Lèmọ́mù ti ní kò burú mọ́, ìdúró náà tó. Ṣùgbọ́n Bàbá Àdìó, baba Abọ́dúnrìn, kò gbà. Ó ní ọmọ òun kò kú.

“Ràsákì télọ̀ ló ń ka pépà yín fún wa. Látìgbà tí Abọ́dúnrìn ti wọnú ẹ̀, gbogbo ilé la máa ń kóra jọ. Lọ́jọ́ tó tún ẹ̀rọ yẹn ṣe, tí wọn ò jóná mọ́, bàálé mi pa adìẹ.”

Àánú rẹ̀ ṣe Ládépọ̀. “Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Mi ò ní pa á. Màá mú un bọ̀ wálé láyọ̀.”

“Háà! Ẹ dákun, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.” Ó na ọwọ́ bíi pé ó fẹ́ bo ẹnu rẹ̀. “Ẹ pa á.”

“Kí n pa á?” Ládépọ̀ bi í.

“Tó bá wálé nínú pépà, Fáòsíátù máa darúgbó mọ́ mi lọ́wọ́. Ta ló kù tó lè sọ ọ́, Tíṣà? Tí mo bá fẹnu ara mi sọ ọ́, wọ́n á ní ìyá ló pa ọmọ ẹ̀. Tí Fáòsíátù bá sọ ọ́, wọ́n á ní ọkọ ló ń wá kiri. Àfi ẹni tí kì í ṣe ara wa.”

“Tó bá wà láàyè ńkọ́?”

“Tó bá wọlé dé lọ́la, màá kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ń gbẹ lójú mi yìí.”

Nígbà tó lọ tán, Títílọpẹ́, ìyàwó Ládépọ̀, jáde láti yàrá. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Bàbá Ọmọ́táyọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má dá wọn lóhùn.”

Ládépọ̀ mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ìwé ìròyìn náà ti sọ pé ìtàn rẹ̀ ku ẹyọ kan ṣoṣo tí wọn yóò gbé jáde, pé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n fẹ́ máa fi ojú ewé náà tẹ̀. Ní oṣù yẹn kan náà ni atẹ̀wétà kan ní Ìbàdàn, Ọ̀gbẹ́ni Fẹ̀hìntọlá, gbà láti sọ ìtàn náà di ìwé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ látìgbà tí Ládépọ̀ ti ń kọ̀wé. Ohun kan ṣoṣo ló ní kó ṣe: kí Abọ́dúnrìn má kú, nítorí òun ni àwọn ọmọ ilé ìwé yóò tìtorí rẹ̀ ra apá kejì.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ rán ọmọ wọn lọ sí Àpápá ni?” Títílọpẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Bó bá jẹ́ dandan, ẹ pa á nínú pépà, kí ẹ jí i nínú ìwé.”

“Ràsákì á ra ìwé náà. Á kà á fún wọn.”

Títílọpẹ́ jókòó sórí àga tí obìnrin náà kúrò. “Ẹ ti pinnu nìyẹn,” ló wí. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́.

Ládépọ̀ kọ ọ́. Abọ́dúnrìn jáde kúrò nínú ọkọ̀ láti so waya kan tó já, okùn ìdí rẹ̀ tú, ó ń lọ sínú òkùnkùn, kò sì sí ẹni tó tún rí i mọ́. Ó dára lójú rẹ̀. Ó mú un lọ sí Ajángbádì, ó sì kà á fún ìyá náà lẹ́yìn àwọn garawa kẹrosíìnì tó ń tà.

Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

“Ìyẹn la ní nílé, Tíṣà. A ò tún rí i mọ́: ṣebí ohun tó ń ṣe wá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí òkú ẹ̀. Kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n sin ín.”

“Kò sí omi lórí ìràwọ̀ tí ọkọ̀ wọn ń lọ.”

“Iyẹ̀pẹ̀ ńkọ́?”

“Iyẹ̀pẹ̀ wà.”

“Kí wọ́n fi ṣe tayamúmù fún un dípò ìwẹ̀. Ààfáà kan ò ní bá wọn jà.” Ó da kẹrosíìnì sínú ìgò oníbàárà kan, ó gba owó, kó tó yíjú padà. “Ibo ni wọ́n máa wá kọ ojú ẹ̀ sí?”

Ládépọ̀ kò mọ̀. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, kò sin òkú Mùsùlùmí rí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà wọ̀ ọ́ lára. Títí ó fi rìn dé Ìbà ló ń yí i po lọ́kàn bí ìṣirò: ìràwọ̀ ń yí, ayé ń yí, ibi tó jẹ́ ìlà oòrùn, ọ̀nà Mẹ́kà, níhìn-ín kò ní jẹ́ ìlà oòrùn níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà Estate Ìbà ló ti dúró lójijì. Ayé fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa kọ ojú rẹ̀ sí. Láti òkèèrè bẹ́ẹ̀, Mẹ́kà àti Ajángbádì ti di ojú kan náà.

Ní Sátidé tí ìtàn tó tún kọ náà jáde, ó mú ṣòkòtò kan tí kò nílò àtúnṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ràsákì. Àwọn ará ilé Abọ́dúnrìn ti pé. Bàbá Àdìó wà lórí bẹ́ǹṣì, agbádá rẹ̀ bò ó lẹ́sẹ̀. Ìyá Abọ́dúnrìn jókòó sílẹ̀, kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí Ládépọ̀ wà. Fáòsíátù wà lójú ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀pà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò tí ì pé ọgbọ̀n ọdún.

Ràsákì bẹ̀rẹ̀ sí kà á bó ṣe máa ń kà á, pẹ̀lú àpárá. “Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rọ tún ti dákú o!” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ibi tí okùn ti tú, ó fi ojú ka iwájú díẹ̀, kò kà á sókè mọ́.

“Ṣé iná ló lọ lójú ẹ ni?” Bàbá Àdìó bi í.

Ràsákì kà á. Wọ́n fa òkú Abọ́dúnrìn wọnú ọkọ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ sọ̀ sórí ìràwọ̀. Wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ ìràwọ̀ nu ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì tẹ́ ẹ sínú sàréè ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ búlúù kékeré kan lójú ọ̀run, èyí tí í ṣe ayé, níbi tí ìyá rẹ̀ wà.

Ìyá náà, tó ti mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ló kọ́kọ́ ké. Igbe náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Fáòsíátù kò ké. Ó rọra gbé abọ́ ẹ̀pà sílẹ̀.

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ jáde.

“Ta ló kírun sí i lára?” Bàbá Àdìó bi Ràsákì.

Ràsákì wá a nínú pépà. “Wọn ò kọ ọ́ síbí, Bàbá.”

Ládépọ̀ kò rántí kọ ìyẹn.

“Wọn ò kírun sí i lára,” Bàbá Àdìó wí. Ó ń wo ilẹ̀. “Wọ́n gbìyànjú o, àmọ́ wọn ò kí i. Ẹnì kan á kí i.” Ó dìde, ó di ẹ̀rọ ìránṣọ mú kó má ṣubú. “Ẹ bu omi àlùwàlá wá. Ẹ pe Lèmọ́mù. Fáòsíátù, wọlé lọ. Lónìí lo bẹ̀rẹ̀ opó. Tó bá parí, kí ọlọ́dà yẹn wá bá mi.”

Fáòsíátù kúnlẹ̀, kò sì lè dìde.

Wọ́n tẹ́ ẹní síta níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọkùnrin tò. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi àyè sílẹ̀, ó sì wo Ládépọ̀, tó ṣì di ṣòkòtò rẹ̀ mú.

“Mi ò mọ̀ ọ́n kí,” Ládépọ̀ sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ti òkú ò ní ìforíbalẹ̀,” ọkùnrin náà dáhùn. “Ìdúró lásán ni.”

Ládépọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì dúró.