Ẹni Mélòó Ló Wà Nínú Bàálù

Ṣẹ̀rífátù fi ẹnu kan etí ọkọ rẹ̀ nítorí ariwo ẹ̀rọ bàálù. "Bàbá Kúlúsúmù, omi wo nìyí?"

"Ọ̀sà ni," Múdàṣírù dá a lóhùn. "Ẹ̀pẹ́ ò jìnnà mọ́."

Irọ́ ni. Kò mọ ibi tí Ẹ̀pẹ́ wà, kò sì mọ ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà. Wọn ò tíì kọjá Ìkòròdú tán tí ọyẹ́ fi bo gbogbo ilẹ̀, tí kò rí oko, tí kò rí òrùlé páànù kankan. Ó ti yípo yípo láti wá Ẹ̀pẹ́ kó tó di pé omi yìí yọ sí wọn nísàlẹ̀.

Ọdún 1957 nìyẹn. Múdàṣírù, ọmọ Ìkòròdú, ń tún rédíò ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Ibẹ̀ ló ti bá àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ awabàálù kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù títí tó fi gba ìwé àṣẹ, kò sì tíì pé oṣù kan tó gbà á. Àwọn àna rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ kò gbà á gbọ́ rárá. Wọ́n ní ilẹ̀ inú bàálù ló ń gbá, kì í wà á. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún wọra. Ló bá pinnu pé òun á gbé Ṣẹ̀rífátù ọmọ wọn gba orí Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kọjá, kí gbogbo wọn gbójú sókè wò ó.

Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé kò gbọdọ̀ gbé ẹnikẹ́ni, àfi bí olùkọ́ rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Múdàṣírù sọ fún wọn pé òun nìkan ló ń lọ, òun ò sì ní kọjá Ìkòròdú. Ìpẹ̀kun pápá, níbi tí igbó ti dí, ni Ṣẹ̀rífátù ti wọ bàálù. Wọ́n ti fi Kúlúsúmù, ọmọ wọn, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀.

Múdàṣírù tún bojú wolẹ̀. Omi náà ń ru, orí rẹ̀ ń yọ ìfófòó. Kò sí ọkọ̀ apẹja kan, kò sí àwọn igi tí àwọn apẹja máa ń rì mọ́lẹ̀ nínú ọ̀sà láti fi kó ẹja. Ó wá mọ̀ pé ọ̀sà kọ́ nìyí. Òkun ni.

Ṣẹ̀rífátù náà ti rí i. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, kò sẹ́ni tó lè pe òkun ní ọ̀sà fún un. Ó ní ṣé kò sí ẹni tí wọ́n lè bi léèrè ni.

Ẹnì kan wà. Nínú ilé gogoro Ìkẹjà, ọkùnrin kan jókòó ti ẹ̀rọ tó ń fi ohùn awabàálù mọ apá ibi tó wà. Bí awabàálù bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ náà á tọ́ka síbi tí ohùn ti ń bọ̀. Bó bá dákẹ́, ẹ̀rọ ò mọ nǹkan kan. Múdàṣírù mọ èyí dáadáa. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnì rédíò tipẹ́, kò kàn tẹ̀ ẹ́ ni. Bó bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á mọ̀ pé kò sí ní Ìkòròdú, wọ́n á sì gba ìwé àṣẹ náà, bóyá wọ́n á gba iṣẹ́ mọ́ ọn. Ó wo epo, ó rí i pé kò ní pẹ́ tán. Ó tẹ bọ́tìnì.

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún pè, ariwo bí ẹni ń dín àkàrà ló gbọ́. Ó wá rántí pé òun fò sílẹ̀ jù fún ohùn òun láti dé Ìkẹjà, ó gbé bàálù lọ sókè, omi pòórá lábẹ́ wọn, ibi gbogbo sì funfun. Ṣẹ̀rífátù ti ń ka Fátíhà.

Nígbà tó tún pè, ohùn kan dáhùn. Ọkùnrin náà fi òyìnbó béèrè ibi tó wà. Múdàṣírù fẹ́ sọ pé Ìkòròdú.

"Mi ò mọ̀," ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Mo ti sọnù. Ó jọ pé orí òkun ni mo wà."

Wọ́n ní kó máa sọ̀rọ̀ lọ kí ẹ̀rọ lè mú un. Gbogbo èdè òyìnbó tó gbọ́ ti fò lọ lórí rẹ̀. Ó bá ń ka oókan, eéjì, títí wọ́n fi ní ó tó. Wọ́n wá ní kó yí padà, pé ibi tó kọ ẹ̀yìn sí gan-an ni Ìkẹjà wà. Ọkàn rẹ̀ kò gbà. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń sọ pé iwájú ni ilé wà. Bí ọkùnrin yìí bá ṣe àṣìṣe, ikú ló ń darí wọn lọ. Ó yí bàálù padà tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù.

Ohùn náà tún béèrè pé ẹni mélòó ló wà nínú bàálù. Ó ní àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń múra àtijáde, wọ́n sì ní láti mọ iye èèyàn tí wọ́n máa wá nínú omi, bí epo bá lọ tán.

Ẹnì kan ló wà nínú ìwé wọn. Múdàṣírù rò ó wò: wọ́n á rí òkú òun, wọ́n á ṣẹ́rí padà sílé torí iye ti pé. Ṣẹ̀rífátù á wà nínú omi níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wá a.

"Méjì," ó sọ. "Ìyàwó mi wà pẹ̀lú mi."

Ọkùnrin náà béèrè orúkọ ìyàwó náà. Múdàṣírù dárúkọ, ó sì tún sọ lẹ́tà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà ṣì í kọ.

Ṣẹ̀rífátù gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láàárín òyìnbó. "Kí ni wọ́n ń fi orúkọ mi ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń retí ni."

"Wọ́n á gba ìwé yín."

"Wọ́n á gbà á."

Ó ṣe díẹ̀, ọyẹ́ fẹ́lẹ́, ìlà kan yọ níwájú wọn, iyanrìn etí òkun, igi àgbọn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bóyá epo á gbé wọn dé Ìkẹjà, kò tíì mọ̀. Ó tún tẹ bọ́tìnì, ó ní àwọn méjèèjì ń bọ̀.