Ìlà Ọrùn Ìkòkò

Ìyá Fákáyọ̀dé ti ìka bọ inú ìkòkò, ìka rẹ̀ kò bá epo ní ojú ìlà. Ó tún tì í sísàlẹ̀ díẹ̀ kí orí èékánná rẹ̀ tó kan epo tó ti dì. Ó yọ ọ́, ó nà án sí Èjìdé lójú.

"Ìlà nìyí, epo nìyẹn. Ta ló bu ìyókù?"

"Ìyá, mo rọ ọ́ kún dé ìlà. Ẹ̀yin náà rí i lánàá."

"Mo rí i lánàá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru ni mi ò rí."

Àwọn obìnrin tó wà lágbàlá pa iṣẹ́ tì. Ìyálé ilé ni Ìyá Fákáyọ̀dé. Bí ọkọ rẹ̀ ti wà lójú ogun, òun ló ń dájọ́ ẹrú. Ọyẹ́ tó kọjá, irú epo báyìí ló dín lọ́wọ́ Ṣàngóbùnmi, ẹrú ẹgbẹ́ Èjìdé. Wọ́n tà á fún Sìdí, oníṣòwò ẹrú. Ṣùgbọ́n Ṣàngóbùnmi ò lọ́mọ. Àṣàbí rèé tó ń sùn lẹ́yìn Èjìdé, ọmọ ilé sì ni: bí wọ́n bá ta ìyá, ọmọ ò ní bá a lọ.

"Sọ ọmọ yẹn kalẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ sí Sìdí; ó ń kó àwọn aláàárù rẹ̀ gbéra lónìí."

Èjìdé ò sọ ọmọ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ wà nínú ìkòkò. Epo ti fi òrùka pupa sí ọrùn ìkòkò náà, gẹ́lẹ́ lórí ìlà. Epo débẹ̀, ó sì padà. Ọkàn rẹ̀ ń sáré kiri bí eku tí wọ́n dí ihò mọ́. Láyé ìgbà tí wọ́n máa ń jẹ́ kí epo tutù kí wọ́n tó rọ ọ́, kì í dín. Ìgbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹ̀tù ìbọn, tí wọ́n ń kánjú fi epo rà á, ni wọ́n ń rọ ọ́ tòun ti gbígbóná.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé e kaná níwájú yín."

Wọ́n dáná sí i nídìí. Epo yọ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, díẹ̀díẹ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, títí ó fi dé ìlà.

"Yéè! Àjẹ́!" ni obìnrin kan ké.

Àgbàlá tú. Ìkòkò, Èjìdé àti Ìyá Fákáyọ̀dé nìkan ló kù.  Olè ni wọ́n ń tà. Àjẹ́ ńkọ́?

"Ẹ fi gèlè yín de ẹnu ìkòkò," ni Èjìdé wí. "Ẹ jókòó tì í. Bó bá tutù, á tún padà."

Ìyá Fákáyọ̀dé dè é ní kókó mẹ́ta, ó gbé e sórí iyanrìn tútù, ó fa àpótí sún mọ́ ọn. Kò jẹun. Oòrùn ti ń lọ sẹ́yìn Òkè Màpó nígbà tí Sìdí yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ẹ ò kúkú sàba lé e bí adìyẹ! Ẹrú tí ẹ ní kí n wá mú dà?"

Ìyá Fákáyọ̀dé dìde. Ó tú kókó rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ti ìka bọ ọrùn ìkòkò. Ìka náà wọlé, ó wọlé, kò bá epo ní ojú ìlà.

Ó pẹ́ kó tó yọ ọ́.

"Sìdí, èyí tí o mú lọ lọ́yẹ́ ijọ́sí, níbo ló wà?"

"Mo fà á lé oníṣòwò kan lọ́wọ́, Ìyá. Ta ló tún mọ ibi tó dé?"

"Máa lọ. Kò sí ẹrú lónìí."

Sìdí lọ. Èjìdé mí kanlẹ̀. "Ìyá, Ṣàngóbùnmi náà ò..." Ó gé ahọ́n jẹ. Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ.

"Bó bá gbóná, ẹ máa rọ ọ́ kọjá ìlà," ni ìyálé wí jẹ́ẹ́. "Kí lo fẹ́ sọ?"

"Kò sí, Ìyá."

Èjìdé fún ọ̀já ọmọ rẹ̀ le sí i. Nígbà tó gbójú sókè, Ìyá Fákáyọ̀dé kò wo ìkòkò mọ́. Ẹnu Èjìdé ló ń wò.