Ohun Tí Bàbá àti Ìyá Fi Pamọ́ fún Zulaihat

Láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Ìyá Èjìdé dùbúlẹ̀ ni ọkàn Zulaihat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò ti balẹ̀ mọ́. Apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì ìyá náà kò ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ sì máa ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n làákàyè rẹ̀ pé. Àdúgbò Oníyanrìn ni Zulaihat ń gbé, ó sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Agodi. Láràárọ̀ ló máa ń pe fóònù bàbá rẹ̀ kó tó wọ ọ́fíìsì. Bí fóònù náà bá ti dún pẹ́ díẹ̀ kí bàbá tó gbé e, á ti dìde dúró. Ọjọ́ mìíràn wà tí yóò ka ìwé kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí dọ̀sán láì mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Bàbá rẹ̀ nìkan ló ń fún un ní ìsinmi díẹ̀. Bàbá Yésúfù ti lé lọ́gọ́rin ọdún, télọ̀ ni ní Bẹyẹrúnkà kó tó fẹ̀yìn tì, ara rẹ̀ sì le. Òun ló ń po ògì fún ìyàwó rẹ̀, òun ló ń fún un lóògùn, òun náà ló ń gbé e jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí oòrùn bá rọ̀. Bí Zulaihat bá dé sí agboolé wọn ní Ìsàlẹ̀ Òsì lọ́jọ́ Sátidé, ìyá tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà á ti pe orúkọ rẹ̀ kó tó wọlé tán. Bàbá á wá rẹ́rìn-ín láti orí àga rẹ̀, á bi í bóyá dáadáa ló dé. Zulaihat á kúnlẹ̀ kí wọn, á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó kéré tán, ẹnì kan ṣì lera nínú àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, wọ́n sì ní kí gbogbo ènìyàn máa lọ sílé. Zulaihat wọ takisí máíkírà dé Bẹẹrẹ, ó ra ọsàn, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé àwọn òbí rẹ̀. Kò pè wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kó wọlé ló gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Ìyá ń sọ fún bàbá, jẹ́jẹ́, pé kó yà sọ́tùn-ún díẹ̀, pé ife ti wà níwájú ọwọ́ rẹ̀ báyìí. Zulaihat dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ń fọwọ́ wá nǹkan kiri lórí tábìlì títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ife. Ó gbé fúláàsì, ó da omi gbígbóná. Díẹ̀ bọ́ sínú ife, èyí tó pọ̀ jù dà sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó kàn pa eyín pọ̀, ó nu ọwọ́ náà mọ́ ṣòkòtò, ó sì bi ìyá bóyá ife ti kún.

Àpá iná pọ̀ ní ọwọ́ bàbá. Ọjọ́ tí Zulaihat bi í léèrè, ó ní irin tóun fi ń lọ aṣọ ló jó òun.

Ìyá ṣì tẹjú mọ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀, kò tíì rí Zulaihat. Bàbá gbé abọ́ òfìfo kan, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bọ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ gedegbe, ojú Zulaihat gan-an ló sì ń wò. Zulaihat retí kó dúró, kó pe orúkọ òun. Kò dúró. Ó rìn títí àyà rẹ̀ fi lu ti ọmọ rẹ̀, abọ́ bọ́ sílẹ̀, ọsàn sì tú ká ilẹ̀. Bàbá na ọwọ́, ó fọwọ́ pa á lójú.

"Ta nìyẹn?" ló wí. "Ṣé Ìyá Sàláúdéènì ni?"

Zulaihat jókòó sílẹ̀ láàárín ọsàn.

"Zulaihat ni," ni ìyá wí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Ọwọ́ bàbá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá Sàláúdéènì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ tiwọn, gbọ́ ìró abọ́, ó sì sáré wọlé. Nígbà tó rí ẹni tó jókòó sílẹ̀ láàárín ọsàn, ó dorí kodò. Zulaihat bi í bóyá ó mọ̀ pé bàbá ò ríran mọ́. Ó ní òun mọ̀. Ó ní kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú agboolé, ọkọ òun ló ń mú bàbá lọ sí mọ́sáláṣí, ṣùgbọ́n bàbá àti ìyá ti fi Ọlọ́run bẹ àwọn pé kí àwọn má sọ. Èyí dun Zulaihat ju ti àkọ́kọ́ lọ. Sátidé wo ni kò wá? Oúnjẹ wo ni kò jẹ nínú yàrá yìí, lójú bàbá tí kò rí i?

Ó yíjú sí àwọn òbí rẹ̀, ó bi wọ́n pé kí ló ṣe tí wọ́n fi ṣe báyìí sí òun. Ìyá ló dáhùn, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà jáde díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Jubril ẹ̀gbọ́n rẹ ní bí nǹkan bá tún ṣe ẹnì kan nínú wa, òun á mú bàbá yín lọ sí Kàdúná, ìwọ á mú mi lọ sí Oníyanrìn. Ẹ rò pé mo sùn. Inú yàrá yìí ni wọ́n gbé mi wá bá a ní ìyàwó. Mi ò fẹ́ kú síbi tí mi ò ti ní gbọ́ ohùn rẹ̀."

Lóòótọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Zulaihat náà gbọ́ ọ, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni.

Lọ́jọ́ kejì ó mú bàbá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní àìsàn kan tí kì í dunni ló ń jẹ ojú náà lábẹ́lẹ̀. Ohun tó ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì lè fi oògùn pa ìwọ̀nba yẹn mọ́. Ó bi bàbá pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní kò ju ọdún kan lọ.

Jubril dé láti Kàdúná lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó sunkún, ó sì tún ní kí wọ́n pín àwọn òbí wọn ló dára jù, pé ta ni yóò máa ṣọ́ àwọn méjèèjì. Zulaihat ní òun ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà ní yunifásítì nílùú mìíràn. Ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Oníyanrìn, ó sì wọ yàrá ẹ̀yìn nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Ìyá Sàláúdéènì gbà láti máa gbé omi gbígbóná àti oògùn àárọ̀ bí Zulaihat bá wà níbi iṣẹ́. Àníyàn kò tán. Bí máíkírà bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní Màpó ní ìrọ̀lẹ́, Zulaihat kì í sinmi títí yóò fi gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ ń jiyàn lórí rédíò.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń kán oògùn sójú bàbá, ó sì bi í pé ìgbà wo ló rí ojú òun gbẹ̀yìn.

Bàbá ronú díẹ̀. "Ọjọ́ tí a sin ọkọ rẹ," ló wí. "Ojú rẹ wú fún ẹkún. Látìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, ojú yẹn ni mo máa ń rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọ?"

Ìgò oògùn dúró lọ́wọ́ Zulaihat. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Ọdún kan ni bàbá sọ fún dókítà. Ó wo ìyá rẹ̀, ìyá sì yíjú sí ògiri.

Nígbà tó ṣe, ó jókòó ti bàbá, ó gbé ọwọ́ bàbá lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, kó lè mọ̀ pé kò sí omijé níbẹ̀ mọ́. Bàbá fọwọ́ pa ojú rẹ̀ láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n, kò yára.

"O ti rù jù," ló wí, ó sì ní kó lọ wá nǹkan jẹ.