Ìjókòó Tí Kò Gba Orúnkún

Ọ̀la ni ẹjọ́, lọ́yà kò sì tíì gba oníbàárà rẹ̀ gbọ́. Ó ti gbèjà ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n mutí wakọ̀, ó sì mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: igo kan péré ni, ẹ̀rọ ọlọ́pàá ló bàjẹ́, oògùn ikọ́ ni mo lò. Ọkùnrin yìí nìkan ló wọlé tó ní, "Mo mutí, èmi ni mo wakọ̀. Ẹ ṣáà bá mi bẹ adájọ́." Ìjẹ́wọ́ tó yá tó báyìí ló mú ara fu lọ́yà náà.

Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà níbi iṣẹ́, nítorí pé ó ga. Ó tẹrí ba kí ó tó wọ ọ́fíìsì. Ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ló ti ń wà láti ọdún mọ́kàndínlógún. Bí adájọ́ bá gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀, obìnrin kúkúrú kan, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé báàgì lé itan.

"Ibo lára ọkọ̀ yín ló gbá ògiri lọ́jọ́ tí ọlọ́pàá mú yín?" ni lọ́yà bi ọkùnrin náà.

Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Apá ọ̀tún," ni ìyàwó dáhùn.

"Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bi, mà."

Lọ́yà kì í ka ohun tí ọlọ́pàá kọ kí ó tó wo fọ́tò wọn tán. Ó tún fa fọ́tò ọkọ̀ náà yọ. Nínú ẹ̀kẹta, ìjókòó awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ sítíárìn. Ó wò ó títí, ó dìde, ó sún àga kan mọ́ tábìlì gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú fọ́tò.

"Ẹ jókòó síbí, sà."

Ọkùnrin náà gbìyànjú. Orúnkún rẹ̀ gbá etí tábìlì, kò wọlé.

"Ṣé àpò lẹ kó orúnkún sí lọ́jọ́ náà ni?"

Ó sún àga sẹ́yìn.

"Èmi ni mo wà á," ni ìyàwó sọ.

"Ìyá ìbejì, dákẹ́."

"Mo ti dákẹ́ tó. Ó ti yó, mà, ni mo bá ní kí n wà wá délé. Mi ò ní láísẹ́ǹsì. Bí a ṣe kọlu ògiri, tí ọlọ́pàá ń bọ̀, ó sáré lọ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, kí wọ́n má baà mú mi."

"Ó wá gbàgbé pé òun ti mutí?"

"Ẹni tó yó, mà. Kí ló fẹ́ rántí?"

Síbẹ̀, lọ́yà kò gbà. Ta ló mọ̀ bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ èyí ni? Ó ní kí ọkọ lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó bi ìyàwó ní ìbéèrè mẹ́sàn-án. Ó wá pààrọ̀ wọn, ó bi ọkọ ní mẹ́sàn-án kan náà. Ìdáhùn wọn bára mu, àyàfi iye igo, èyí tí ọkọ dín kù sí ìdajì. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó gbà wọ́n gbọ́.

Ó pe ìyàwó wọlé. "Wọ́n lè fẹ̀sùn kan ẹ̀yin náà. Ọkọ yín náà máa dáhùn fún irọ́ tó pa fún ọlọ́pàá. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ sọ ọ́ ní kóòtù?"

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí?"

"Bóyá ẹ mọ ọkọ̀ wà."

"Mo mọ̀ ọ́n wà. Dídá a dúró ni mi ò tíì mọ̀."