Òǹtẹ̀ Márùn-ún láti Hinokubo

Èmi ni ọ́fíìsì ìlú ń rán láti ka àwọn tó kù ní abúlé orí òkè. Iṣẹ́ tí kò ní ìyìn ni. Abúlé tí ilé tí èèyàn ń gbé níbẹ̀ kò bá ti pé mẹ́ta mọ́, ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà kò ní débẹ̀ mọ́, a ó sì kó ẹni tó kù lọ sí ilé àwọn arúgbó nísàlẹ̀ òkè.

Hinokubo ni wọ́n bí mi sí. Ọdún kẹjọ rèé tí mo sin ìyá mi tí mo ti ilẹ̀kùn ilé wa, n kò sì padà débẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí àga ni mo ti ń kà wọ́n. Pátákó ìkéde máa ń ti ilé dé ilé lóṣooṣù, ilé tó bá ti kà á á tẹ òǹtẹ̀ orúkọ ìdílé sí i, wọn á sì dá a padà fún wa. Tí òǹtẹ̀ márùn-ún bá dé, màá kọ ilé márùn-ún. Ọ̀lẹ ni mí, ó tán.

Nígbà ìwọ́wé tó kọjá ni mo tó wo òǹtẹ̀ wọ̀nyẹn dáadáa. Ọ̀kan nínú wọn ni Kuramoto, orúkọ ilé wa. Inú bí mi: ta ló ń tẹ òǹtẹ̀ ilé tí mo ti tì? Mo wa mọ́tò gòkè láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Wọ́n ti gbá iwájú ilé márààrún mọ́. Bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ wà lórí okùn. Mo kí, mo kí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ní ilé wa, épírọ́ọ̀nù ìyá mi ṣì ń kán omi lórí okùn. Mo wọlé. Ife tíì kan wà níwájú fọ́tò rẹ̀, ó ń yọ èéfín.

Ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn mi. Màmá Tokuyo aládùúgbò wa ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, tòun ti ìgbálẹ̀ rẹ̀. Ó ní ó di ọdún méjì tó ti ku òun nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ kú á fún òun ní òǹtẹ̀ rẹ̀, á bẹ òun pé kí òun máa ṣílẹ̀kùn, nítorí oṣù kẹjọ tí àwọn òkú ń wálé.

“Ìwọ nìkan ni o ò fún mi ní tìrẹ,” ó ní. “Kọ́kọ́rọ́ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ fún mi ni mo fi ṣílẹ̀kùn, inú dúrọ́ọ̀ ilé yín ni mo ti mú un. O ò tiẹ̀ rántí rẹ̀.”

“Màmá, jìbìtì lẹ ń ṣe yìí.”

“Ta ni mo lù ní jìbìtì? Ẹ ní kí ilé tó bá ti ka pátákó tẹ òǹtẹ̀ sí i. Mò ń kà á sókè fún wọn, nílé kọ̀ọ̀kan, kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ilé làbọ̀ sinmi oko, Nobuhide. Àbí orí igi ni kí wọ́n bà sí?”

Mo lè kọ márùn-ún, kò sẹ́ni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń tiro. Ó jẹ́wọ́ pé òun ṣubú ní àtẹ̀gùn ilé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun sì wà nílẹ̀ títí di ọ̀sán. Tó bá jẹ́ inú yìnyín ńkọ́? Mo kọ oókan.

Kò sunkún. Ó béèrè ibi tí mò ń gbé, kí òun lè sọ fún ìyá mi. Mo ní ẹ̀yìn ibùdókọ̀ rélùwéè ni, àjà kẹrin.

“Ṣé ẹ ní lífíìtì?”

“Rárá, Màmá.”

“Orúnkún Fusae ìyá rẹ wá ńkọ́?”

Ojú tì mí ju bó ṣe tì mí lọ́jọ́ tí mo ti ilẹ̀kùn ilé wa.

Wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé àwọn arúgbó kí yìnyín tó bọ́. Nígbà tí oṣù kẹjọ dé, mo dá iná kékeré tí a fi ń pàdé òkú sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn wa ní ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó mi ń bi mí láti ojú fèrèsé pé kí ni mò ń wá. Mo kẹ̀yìn sí iná náà, mo bẹ̀rẹ̀, mo nawọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ pọn ọmọ.

“Ìyá mi,” mo ní, “ẹ gun ẹ̀yìn mi.”

Nígbà tí mo dìde, ẹ̀yìn mi wúwo.